Ẹni Tó Gbépo Lájà Nìkan Kọ́ Ló Jalè

Ní ọjọ́ 6 Oṣù Èrèlé ọdún 2016, wọ́n sá eré Lagos City Marathon fún ìgbà àkọ́kọ́. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè ni àwọn asáré ti gbéra, wọ́n gba orí afárá Third Mainland, wọ́n sì já sí Eko Atlantic ní Victoria Island. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ ni, nínú ooru Èkó. Ọmọ Kẹ́ńyà kan tó ń jẹ́ Abraham Kiptum ló gba ipò kìíní. Nígbà tí ọdún yí po, ó padà wá ní 2017, ó sì tún borí. Lójú àwa ará Igolo ní Benin, Èkó kì í ṣe ìdálẹ̀. Bí a bá ti ré ẹnubodè kọjá sí Ìdí-Ìrókò, Ọ̀wọdé ló kàn, lẹ́yìn náà Ọ̀tà, lẹ́yìn náà Èkó. Eré tí wọ́n bá sá níbẹ̀, ìtòsí wa ni wọ́n ti sá a.

Ní ọjọ́ 28 Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, Kiptum yìí kan náà lọ sí Valencia ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ó sá ìdajì màrátọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18. Kò sí ọkùnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ló fi ta Zersenay Tadese ọmọ Eritrea yọ, ẹni tí kò sí ẹni tó lè bá a láti ọdún 2010. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 26 Oṣù Igbe 2019, nígbà tí eré màrátọ́ọ̀nù London ku ọjọ́ méjì, ìwé dé pé kí Kiptum dúró sílé. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fòfin dè é fún ọdún 4, wọ́n sì fagi lé gbogbo eré tó sá láti 13 Oṣù Ọ̀wàrà 2018. Eré Valencia wọ inú rẹ̀. Ipò kìíní tó gbà ní Èkó ṣì wà lórúkọ rẹ̀, nítorí pé eré méjèèjì náà ti wáyé ṣáájú ọjọ́ tí ìdájọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣèdájọ́ oògùn agbára láàrin àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ti le, ó sì yẹ kó le. Ẹni tó bá fi oògùn sáré, olè ni, ó jí ipò, ó jí owó, ó jí ọjọ́ ayọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Nínú ọ̀ràn yìí, èjìká asáré nìkan ni ẹrù ìyà ń bọ́ sí. Àwọn tó gba epo sílẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kì í sì í sábà tẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń rojọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọwọ́ ṣe tẹ Kiptum, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti rí i pé ọgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ eré yìí ti jinlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ro ẹjọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Kíndìnrín ènìyàn máa ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní EPO. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pàṣẹ fún mùdùnmúdùn egungun pé kó máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ẹsẹ̀ àti itan. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni asáré yóò ṣe pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣègùn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe EPO nílé iṣẹ́ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gùn ún. Àwọn asáré tí kò ní sùúrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún sára tó le koko. Ewu rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa fi agbára tì í, ó sì lè dì sínú ọpọlọ tàbí àyà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé láàrin ọjọ́ díẹ̀, EPO á ti lọ kúrò nínú ìtọ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò ń bọ̀ lè gùn ún kó sì mú un jẹ. Nítorí náà, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn asáré ńlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnì kan, wọ́n á kọ bí ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sílẹ̀, wọ́n á tún kọ iye ẹ̀jẹ̀ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú egungun. Ara tí kò gba nǹkankan ní bó ṣe máa ń rìn. Ara tó gba EPO á kọ́kọ́ tú ẹ̀jẹ̀ tuntun jáde lọ́pọ̀. Nígbà tí onítọ̀hún bá dá abẹ́rẹ́ dúró kó lè lọ sáré, ẹ̀jẹ̀ á ṣì pọ̀ nínú iṣan, ṣùgbọ́n tuntun kò ní jáde mọ́, nítorí egungun ti rò pé iṣẹ́ ti tó. Tí ìwé náà bá fi irú èyí hàn, wọ́n á gbé e fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta láì dárúkọ ẹni tó ni ín. Wọ́n á wò ó bóyá orí òkè gíga ló ti ń gbáradì, bóyá àìsàn ni. Bí ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kò pé oògùn ni, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi mú Rhonex Kipruto, tó sá kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 ní Valencia ní 2020. Ní 2024, wọ́n fòfin dè é fún ọdún 6, wọ́n fagi lé eré náà, wọ́n sì gba bàbà tó gbà ní Doha ní 2019 pẹ̀lú. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀ràn yìí fún World Athletics ni AIU. Ọdún 2017 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Monaco ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Òun ló ń rán àwọn tó ń gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Ìgò méjì ni wọ́n ń pín in sí: bí ti àkọ́kọ́ bá ní àbùkù, asáré lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n ṣí ìkejì. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kó dúró sílé títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ọdún 4 ni ìjìyà ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lò ó nígbà àkọ́kọ́. Bó bá tètè jẹ́wọ́ láàrin ọjọ́ 20 tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, wọ́n lè yọ ọdún kan kúrò. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí CAS, ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá tó wà ní Lausanne ní Switzerland.

Ohun tó dára nínú ètò yìí ni pé ó gba ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ilé asáré nìkan. Rita Jeptoo, ọmọ Kẹ́ńyà, gba màrátọ́ọ̀nù Boston àti ti Chicago ní 2014. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n bá EPO lára rẹ̀. Ọdún 2 ni àjọ eré sísá orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi dè é. Àjọ àgbáyé pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, CAS sì sọ ọ́ di ọdún 4 ní 2016.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jà lólè. Obìnrin kan láti Etiópíà, Buzunesh Deba, ló ṣe ipò kejì lẹ́yìn Jeptoo ní Boston lọ́dún 2014. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni ìkínní. Owó tó yẹ kó bá ipò náà wá, tó tó 100,000 dọ́là ní àfikún sí èyí tó ti gbà, kò tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún 2024 dé, ọdún 10 gbáko lẹ́yìn eré, àwọn tó ṣètò eré náà kò tíì san án. Ìdájọ́ tó mú olè, tí kò dá ẹrù padà fún ẹni tó ni ín, ìdajì ìdájọ́ ni.

Oògùn ọmọ ọ̀dọ̀

Ruth Chepngetich ni obìnrin àkọ́kọ́ tó sá màrátọ́ọ̀nù láì tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10. Ní Chicago, ní 13 Oṣù Ọ̀wàrà 2024, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56 ni ó lò. Ní 14 Oṣù Ẹrẹ́nà 2025, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì bá hydrochlorothiazide nínú rẹ̀. Náánógíráàmù 20 nínú mìlílítà kan ni òfin fi àyè gbà. 3,800 ni wọ́n bá.

Gbogbo wa ló mọ oògùn yìí, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tó máa ń mú kí àwọn bàbá àti ìyá wa lọ tọ̀ léraléra. Òfin eré kọ̀ ọ́ nítorí pé ìtọ̀ púpọ̀ a máa ṣan oògùn mìíràn jáde kúrò lára, tí wọn kò fi ní bá a. Nígbà àkọ́kọ́, Chepngetich kò lè sọ bó ṣe débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ara òun kò yá, òun sì mu oògùn ọmọ ọ̀dọ̀ òun láì wò ó. AIU ní ẹni tó gbówọ́ tó bẹ́ẹ̀, tó ti gba ẹ̀kọ́ lórí oògùn, tó sì kàn mú oògùn ẹlòmíràn sẹ́nu, ó fẹsẹ̀ tẹ òfin mọ́lẹ̀ ni. Ọdún 3 ni wọ́n fi dè é lẹ́yìn tó jẹ́wọ́. Eré Chicago ṣì dúró, nítorí pé ó ti ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba ìtọ̀ náà.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti gbé: ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára rẹ, ìwọ lo ni ín. Kò kan ẹni tó fún ọ. Mo fara mọ́ òfin náà, nítorí bí kò bá sí i, gbogbo asáré ni yóò rí ọmọ ọ̀dọ̀ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin tó le tó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́ ní dandan fún ẹni tí yóò jíhìn lábẹ́ rẹ̀.

Wákàtí kan lójúmọ́

Asáré tó bá wọ agbo àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò wà fún wákàtí kan lójoojúmọ́, láàrin aago 5 ìdájí sí aago 11 alẹ́. Bí olùyẹ̀wò bá dé tí kò bá a nílé, wọ́n kà á sílẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàrin oṣù 12, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó lè gbà tó ọdún 2, bí wọn kò tilẹ̀ bá oògùn kankan.

Wilson Kipsang, tó sá màrátọ́ọ̀nù Berlin ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23 ní 2013, tí kò sí irú rẹ̀ nígbà náà, kọsẹ̀ níbẹ̀. Ó pàdánù àyẹ̀wò kan nínú Oṣù Ẹ̀bìbí 2019, ó ní ọkọ̀ ẹrù tó dojú dé lójú ọ̀nà ló dá òun dúró, ó sì fi fọ́tò ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Wọ́n ṣèwádìí fọ́tò náà. Oṣù Ògún ni ọkọ̀ yẹn ṣubú, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àyẹ̀wò tó ní ó fà á. Ọdún 4 ni wọ́n fi dè é ní 2020. Irọ́ náà gan-an ló sọ ìyà rẹ̀ di púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ẹ̀sùn kan kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe asáré ọ̀nà jíjìn, eré fífò kọjá igi ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló dè wọ́n. Ó ti sá mítà 100 yìí ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Oregon ní 2022, èyí tó yá jù láyé. Ní Oṣù Agẹmọ 2023, AIU ní ó ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ dá a láre ní 17 Oṣù Ògún, ọjọ́ méjì péré kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Budapest. Ó lọ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀, ipò kẹfà ló ṣe. AIU tún gbé e lọ sí CAS, CAS sì dá a láre nínú Oṣù Òkúdu 2024. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí orúkọ ọmọ náà fi wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin yìí níyì, kó máa ké ìròyìn ìdáláre sókè bó ṣe ń ké ti ẹ̀sùn.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọ́fíìsì, ìyà eléré

Nígbà Olympics Tokyo, ní 28 Oṣù Agẹmọ 2021, wọ́n kéde pé àwọn eléré 18 kò lè kópa. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó bá oògùn lára wọn. Òfin ní kí eléré tó ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fura sí jù wá ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta láì sọ tẹ́lẹ̀, láàrin oṣù mẹ́wàá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ orílẹ̀-èdè ni láti rí i pé wọ́n ṣe é. Wọn kò ṣe é bó ti yẹ. Àwọn ọmọ náà gbé páálí lọ́wọ́ nílùú Tokyo, wọ́n ń béèrè ìdí tí àwọn fi ní láti jìyà àìbìkítà ẹlòmíràn. Annette Echikunwoke tó ń ju òòlù wà lára wọn. Ó bọ́ sábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, ó sì gba fàdákà ní Paris ní 2024. Fàdákà tí à bá máa jó sí, àwọn ẹlòmíràn ló jó sí i.

Ní Olympics yẹn kan náà ni wọ́n dá Blessing Okagbare, asáré ọmọ Nàìjíríà, dúró, ní 31 Oṣù Agẹmọ, ọjọ́ tó yẹ kó sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá mítà 100. Ọdún 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dè é, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọdún kan kún un. Ó jẹ̀bi, mi ò bá a wí àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sí i ń kọ́? Eric Lira ni orúkọ rẹ̀, Texas ló ń gbé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kàn lábẹ́ òfin Rodchenkov, tí wọ́n ṣe ní 2020 láti fi mú àwọn tó ń pèsè oògùn fún eléré. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní Oṣù Èrèlé 2024, oṣù 3 ni wọ́n ní kó lọ fi ṣẹ̀wọ̀n.

Ọdún 11 fún ẹni tó gbépo lájà. Oṣù 3 fún ẹni tó gbé àkàbà fún un.

Ẹ tún wo Birmingham. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà mẹ́rin gba wúrà mítà 100 onípàṣípààrọ̀ ní Ìdíje Commonwealth 2022, pẹ̀lú àkókò tí kò sí irú rẹ̀ rí ní Áfíríkà. Wọ́n bá oògùn lára ẹnì kan nínú wọn. Wúrà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, àti ti àwọn mẹ́ta tí ara wọn mọ́.

Ní ẹnubodè tiwa

Kẹ́ńyà ti kọ́ ọgbọ́n lọ́nà tó korò. Lópin ọdún 2022, nígbà tí iye àwọn asáré rẹ̀ tí wọ́n ti fòfin dè ti pọ̀ débi pé wọ́n ń sọ ọ́ pé kí wọ́n lé orílẹ̀-èdè náà lódidi, ìjọba ibẹ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún láti fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ àti láti fi yẹ̀ wọ́n wò. Èyí ló gbà wọ́n sílẹ̀. Àwa kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀ kí a tó gbọ́n.

Benin ní ohun tó fẹ́ dáàbò bò. Noélie Yarigo, tí wọ́n bí ní Matéri, gba bàbà mítà 800 ní ìdíje àgbáyé inú ilé ní Glasgow ní 2024. Ẹni ọdún 38 ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sáré kí ọjọ́ yẹn tó dé, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń sáré ní Igolo mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí pé oògùn kò jìnnà sí wọn. Ìjà ìjọba wa pẹ̀lú oògùn tí kò gba ọ̀nà tó tọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2017, wọ́n kọlu Adjégounlè, apá ibi tí wọ́n ti ń tà á nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Síbẹ̀ ẹ wo bí a ṣe ń rà á. Ènìyàn á dúró lẹ́bàá ẹni tó gbé páálí oògùn kiri, á ní, "Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹ fún mi ní èyí pupa méjì." Kò béèrè orúkọ, kò wo ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí sáṣẹ́ẹ̀tì. Tramadol, tí àwọn alábàárù àti ọlọ́kadà ń mu kí iṣẹ́ má baà rẹ̀ wọ́n, ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje láti 1 Oṣù Ṣẹrẹ 2024. Dexamethasone tí àwọn kan ń mu kí wọ́n lè sanra wà lára ohun tí òfin kọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá àgbà tó wà lórí fèrèsé, irú rẹ̀ ló mú obìnrin tó sá màrátọ́ọ̀nù Chicago yẹn. Ọmọ ọdún 16 tó ń sáré fún ilé-ìwé rẹ̀ lè ti gbé èyíkéyìí mì kó tó gbọ́ orúkọ WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Ifangni, ní Sákété, ní Pobè àti ní Kétu. Ọjọ́ tí ẹ bá fún ọmọ ní bàtà eré ni kí ẹ sọ fún un pé oògùn tí dókítà kò kọ, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ètè rẹ̀. Bí àìsàn bá mú un, ẹ jẹ́ kó sọ fún dókítà pé eléré ni òun. Òfin ní ìwé àyè fún ẹni tó nílò ìtọ́jú gidi. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí wọ́n kọ fún yín. Ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn ní eré, bí ẹnikẹ́ni bá mú abẹ́rẹ́ "agbára" wá, ẹ lé e kúrò lórí pápá, kí ẹ sì fi tó àwọn agbófinró létí.

Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó yẹ lásìkò tó yẹ, kí ìyà àìṣe é bọ́ sórí ọ́fíìsì tí kò ṣe é, kí òfin sì le mọ́ ẹni tó ń tà á bó ṣe le mọ́ ẹni tó ń mu ún. Kí wọ́n fìyà jẹ asáré tó jẹ̀bi. Kí wọ́n wá ẹni tó fún un lóògùn lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.